Ta Ló Ni Fóònù Ọwọ́ Wa?

Bí mo bá ti dé Banigbé, ìlú wa, kí n tó mu omi tán, ìyá mi á ti na fóònù rẹ̀ sí mi: "Ọmọ mi, bá mi wò ó, ó tún ti ń ṣe bákan." Lọ́jọ́ ọjà kan, mo jókòó ti igbá gaàrí rẹ̀, mo ṣí ibi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ àtúnṣe ààbò sí. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́: Mise à jour de sécurité Android, 5 août 2019. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ògiri rẹ̀ rẹ́ mọ́, aláǹgbá tó bá wù ú lè wọlé. Inú fóònù yìí sì ni owó gaàrí rẹ̀ wà, nínú MoMo, àpò owó orí fóònù, torí ẹ̀rù olè kò jẹ́ kó so owó mọ́ ìdí ìró mọ́.

Tòkúnbọ̀ ló rà, 30,000 fàráǹkì. Ó wo dígí rẹ̀, ó wo bátìrì rẹ̀, ó ná an títí tí òǹtajà fi bẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pa á tì.

Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni Android, ètò tó ń mú fóònù náà ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí Google tilẹ̀ ń kéde ihò ààbò tí wọ́n dí lóṣooṣù láti 2015, ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló gbọ́dọ̀ gbé àtúnṣe náà dé ọwọ́ wa, owó ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Fóònù olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Google ṣèlérí àtúnṣe ọdún 7 fún Pixel 8, Samsung ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24. Àwọn olówó ló ń ra ìyẹn. Láti 20 oṣù kẹfà 2025, òfin Yúróòpù ní kí àtúnṣe wà fún ó kéré tán ọdún 5 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáwọ́ títa fóònù kan dúró. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ti kọ̀ǹpútà náà ti ń lọ síbẹ̀. Nígbà tí àtúnṣe ọ̀fẹ́ Windows 10 parí ní 14 oṣù kẹwàá 2025, Microsoft dá 30 dọ́là lé ààbò ọdún kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Mi ò kọ owó sísan. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ̀ pé òun yóò san ìṣákọ́lẹ̀, ó mọ onílẹ̀, ó mọ àdéhùn. Ìyá mi rò pé ilẹ̀ lòun rà. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí.

Mo yọ síìmù MoMo rẹ̀, mo fi í sínú fóònù kékeré onítẹ̀. Ńlá náà wà fún àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta fóònù lọ́jà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sọ iye ọdún àtúnṣe tó kù fún fóònù náà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, kí ẹ tó tú owó, ẹ ní kí wọ́n ṣí ibi ọjọ́ àtúnṣe ààbò kí ẹ fojú ara yín rí i.