Ilẹ̀ Gbígbẹ Náà Ń Mọ Òjò

Nígbà tí mo ń lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Maiduguri, ìyá mi ki agbòjò bọ inú ẹrù mi. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe nílẹ̀ gbígbẹ?

Oṣù kọkànlá ni mo débẹ̀. Ọyẹ́ ti gba ìlú. Eruku bo ojú ọ̀run, ètè mi là. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin, ooru ọ̀sán ti kọjá ìwọ̀n Celsius 40. Agbòjò wá di agbòòrùn. N kò tíì rí ẹ̀kán òjò kan.

Oṣù kẹfà ni òjò tó dé. Atẹ́gùn ọlọ́rinrin láti orí òkun ló ń gbé e bọ̀. Ó ní láti la gúúsù kọjá ná, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ dé, tó sì ń tètè padà. Nǹkan bí oṣù 4 péré ni òjò ọdún kan máa ń dà sí, oṣù kẹjọ ló sì ń pọ̀ jù.

Mo ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí ìsédò Alau, tó ń sé odò Ngadda, ya ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Omi gba ilé, ó gba ọjà, ó gba ẹ̀mí. Ẹni tó ń wá omi kiri lóṣù kẹrin ló ń sá fómi lóṣù kẹsàn-án.

Lójú tèmi, inú ọyẹ́ ló yẹ ká ti máa kó gọ́tà, ká sì máa tún ìsédò ṣe. Bí àwọsánmà bá ti ṣú, ó ti pẹ́ jù.