Ta Ló Ni Ohùn Olórin?

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti máa jẹun. Pẹpẹ méjì ni olórin ilẹ̀ Yorùbá ti ní láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Èkíní ni òde, níbi tí ó ti ń kọrin lójú àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń náwó fún un. Èkejì ni àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, tí ń gbé ohùn rẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ ni pé ọ̀pọ̀ olórin ló ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ kejì yìí, tí wọn kò sì jẹun níbẹ̀.

Láti ìgbà èwe mi ni ó ti mọ́ mi lára láti máa ka ohun tí wọ́n kọ sí àárín àwo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa wo àwòrán olórin lára páálí tí wọ́n fi bò ó. Èmi a máa wo bébà róbótó tí ó yí ihò àárín ká, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ ẹni tí ó ni àwo máa ń wà. Decca, EMI, Philips: orúkọ àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ tí mo rí orúkọ Star lára àwo kan, mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí àpàlà kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò létí rẹ̀, pé àwọn wo tún nìyí. Ó ní, "Àwọn yẹn ni àgbẹ̀ tí ń ta iṣu ara wọn. Àwọn yòókù, iṣẹ́ àgbàṣe ni wọ́n ń ṣe." Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí èyí tí ó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ àgbàṣe náà ti pẹ́. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kútì kọ orin ìyìn sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wá olórin kiri nílẹ̀ wa. Owó ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń san: olórin yóò kọrin, yóò gbowó, yóò tọwọ́ bọ̀wé, ó parí. Bí àwo náà bá wá ń tà kárí ayé, ẹni tí ó ni ín ni yóò mọ iye tí ó mú wọlé.

Hárúnà Ìṣọ̀lá mọ ìyà yìí dáadáa. Ní ọdún 1948 ni ó ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó fi yin Ọba Adébóyè, Orímolúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Ìgbà tí ó tún un ṣe ní ọdún 1955, lẹ́yìn tí ọba ti wàjà, ni orúkọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ní ọdún 1969, òun àti I.K. Dáìró pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ Star sílẹ̀. Ẹ wo bí ó ti rí: ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá àpàlà, èkejì jẹ́ ọ̀gá jùjú tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè MBE dá lọ́lá ní ọdún 1963. Wọn kò jẹ́ kí orin tí ó yàtọ̀ ya wọ́n, nítorí pé ìṣòro kan náà ni wọ́n jọ ní.

Ṣùgbọ́n orúkọ lára àwo nìkan kò tó. Àní lẹ́yìn tí Star ti dúró, Decca ni ó gbé Oroki Social Club, èyí tí Hárúnà fi yin àwọn ará Òṣogbo, jáde ní ọdún 1971. Ẹni tí ó ní oko, tí kò ní ọkọ́ àti àdá, ẹni tí ó ni ọkọ́ ni yóò máa pàṣẹ fún un. Èyí ni mo rò pé ó mú kí Hárúnà kọ́ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọdún 1979, ilé ẹ̀rọ tí a ti lè gba ohùn sílẹ̀, kí a sì tẹ àwo níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ni ó jáde láyé. Kò sì pẹ́ tí kásẹ́ẹ̀tì fi lé àwo kúrò lọ́jà, tí àwọn olè ajadàkọ sì gba ọjà náà mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́.

Sunny Adé gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1974 ni òun àti ilé iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ń gbé orin rẹ̀ jáde tú ká, tí ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù. Ó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Island gbé Juju Music jáde ní ọdún 1982, tí ó sì kó onílù àti onígìtá rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1983, ayé rò pé ìyẹn ni òkè tente. Lẹ́yìn Aura, tí ó jáde ní ọdún 1984, Island kò bá a lọ mọ́. Ọ̀pọ̀ olórin ni ìyẹn ìbá pa kú. Kò pa Sunny, nítorí ó ní ilé tí yóò padà sí: òde rẹ̀ ń bẹ ní Èkó, orúkọ tirẹ̀ sì ń bẹ lára àwo rẹ̀ nílé. Síbẹ̀, orin rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1997 ni ó pe ẹjọ́ lé wọn. Ọdún 2020 ni adájọ́ ní Èkó tó dá a láre, tí ó sì ní kí wọ́n san náírà mílíọ̀nù 500 fún un. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Àwọn mélòó nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí wọn lè dúró de irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan yóò sọ pé kí olórin má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé òde ló ń bọ́ ọ. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òde kò ṣe é jogún. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá wúwo, tí ohùn bá há, òde ti parí nìyẹn. Òfin ọdún 2007 tilẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa fọ́n náírà ká níbi àríyá. Orin ní tirẹ̀ a máa pẹ́ ju olórin lọ. Gẹ́gẹ́ bí òfin wa, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ọdún tí àwo jáde ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni àwo ń tán, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni orin ń bẹ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ lórí àwo ọdún 1971 yẹn ti tán ní ọdún 2021. Ẹ̀tọ́ lórí orin Hárúnà yóò wà títí di ìparí ọdún 2053. Ogún ọmọ àti ọmọ-ọmọ nìyẹn, bí bàbá kò bá ti tọwọ́ bọ̀wé tà á.

Lónìí, ọ̀dọ́ kan ní Múṣin lè gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé lóru ọjọ́ kan. Inú mi dùn sí i. Nígbà tí Asake kọrin ní gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2023, ibi tí ó gba nǹkan bí 20,000 ènìyàn kún fọ́fọ́, Yorùbá ni wọ́n sì ń gbè lé e lórí. Ní ọdún 2025, òun náà dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀ pé alágbàtà ṣì wà, aṣọ ló pààrọ̀. Owó tí ilé iṣẹ́ bá ná sí ìrìn àjò olórin, gbèsè ni lọ́pọ̀ ìgbà. Inú owó orin rẹ̀ ni wọn yóò ti yọ ọ́. Ẹni tí ń gbọ́ ìhó ayọ̀ èrò lè má mọ̀ pé orin òun ni òun ń fi san owó ọkọ̀.

Nítorí náà, kí olórin tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó wá agbẹjọ́rò tí yóò kà á fún un láti òkè dé ilẹ̀. Bí ọ̀nà bá sì jìn fún ẹnì kan, kí ó ṣe bí Hárúnà àti Dáìró: kí ó wá ẹnìkejì. Àwa tí a ń jó sí orin náà ní iṣẹ́ tiwa pẹ̀lú, pé kí a máa ra ojúlówó, kí á sì máa bèèrè ẹni tí owó wa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyìn dára, ṣùgbọ́n ìyìn kò sanwó ilé ìwé ọmọ.