Ìgbín Ilẹ̀ Rẹ́mọ: Yíyàn àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí ẹ bá gba Ṣágámù lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ nígbà òjò, ẹ ó rí i bí ewé gbígbẹ ti bo ilẹ̀ lábẹ́ igi obì àti igi kòkó, tí abẹ́ ewé náà sì tutù. Ibẹ̀ ni ibùgbé ìgbín. Ẹni tí ó bá fẹ́ sìn ín nílé ní láti kọ́kọ́ wo ibẹ̀ dáadáa, nítorí ohun tí ìgbín rí nínú oko ni yóò máa wá nínú àpótí wa.

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Kí ni ó fi ń mọ ìkarahun náà? Òkúta ẹfun pọ̀ nínú ilẹ̀ Ṣágámù. Òun ni ó fa ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wá síbẹ̀ ní 1978. Èròjà inú òkúta yìí náà ni ìgbín ń lò. Kí ó má bàa wọ́n ọn nílé, ẹ sá èèpo ẹyin gbẹ, ẹ gún un kúnná, kí ẹ sì máa bù ú sí oúnjẹ rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ yan èyí tí ó wúwo lọ́wọ́, tí ìkarahun rẹ̀ kò sán, tí ó sì tètè fà sẹ́yìn bí a bá fọwọ́ kàn án. Èyí tí ń rùn, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó fi awọ funfun dí ẹnu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò kú. Ó ń sùn de òjò ni. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ṣà á, nítorí ìgbín inú oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí kò yẹ ní jíjẹ.

Ẹ wá àpótí onígi tí ó ní ihò nísàlẹ̀, ẹ bu ilẹ̀ dúdú sí i, ẹ fi àwọ̀n bò ó, kí ẹ sì gbé e sábẹ́ ibòòji. Ẹ máa wọ́n omi sí i ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kí omi má ṣe dúró níbẹ̀. Ewé ìbẹ́pẹ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára fún un. Ẹ má ṣe fún un ní àjẹkù ọbẹ̀, nítorí iyọ̀ a máa pa á.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ni ti ìgbín inú omi. Àwọn ọmọdé a máa ṣa ìgbín kéékèèké nínú odò, wọn a sì kó o sínú ìgò láti fi ṣeré. Ẹ má ṣe gbà wọ́n láyè. Kòkòrò àtọ̀sí ajá a máa gbé inú irú àwọn ìgbín omi kan. Yóò jáde sínú omi, yóò sì gba awọ ara wọ inú ènìyàn. Ẹni tí ó kan ti ọwọ́ bọ omi náà lè kó o. Bí ọmọ yín bá tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní àmì ìdàgbà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà.

Ìgbín orí ilẹ̀ pàápàá, ẹ sè é jinná, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án.