Ẹni Tí Mo Kọ́kọ́ Fura Sí

Bí o bá fẹ́ mọ ìwé tó dùn, má wo ẹ̀yìn ìwé náà, ojú ẹni tó ń kà á ni kí o wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú, mò ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Obìnrin kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ìwé James Hadley Chase kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ta sí wa lára, kò gbójú sókè. Fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní CMS, tí gbogbo wa dìde, obìnrin yìí ṣì jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọkọ̀ ló pè é: "Àǹtí, a ti dé o." Ó fò dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, wọ́n ti fẹ́ mú un ni."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tó ń ṣe é. Láti kékeré ni irú rẹ̀ ti ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo fẹ́ sọ ohun tó ń mú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ìwé amí dì mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, àti bí mo ṣe ṣì í mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di òru ọjọ́ kan ní ọdún 2017.

Bàbá mi kó ìwé sínú àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni mo ti rí *Àjà Ló Lẹrù*, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó jáde ní ọdún 1969. Mo ti ka Fágúnwà ní ilé ẹ̀kọ́ kí n tó rí i, mo sì rò pé gbogbo akọni inú ìwé Yorùbá gbọ́dọ̀ wọ igbó lọ bá iwin jà bíi ti Àkàrà-Ògùn. Lápàdé inú ìwé Òkédìjí yàtọ̀. Ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ìlú Ìbàdàn ni igbó tirẹ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa sì ni àwọn tó ń tọpa. Ẹ̀rù tí ìwé náà dá sí mi lára ju ti iwin lọ. N kò rí iwin rí ní Ìpakodò tí à ń gbé, ṣùgbọ́n ènìyàn kún ibẹ̀.

Mo ka *Àgbàlagbà Akàn* tẹ̀ lé e, ìwé tí Òkédìjí gbé jáde ní 1971, tí Lápàdé tún wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sọ́wọ́ Kọ́lá Akínlàdé. Ẹ wo orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé rẹ̀: *Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?* Ìbéèrè ni. Ẹni tó bá ka orúkọ yẹn lásán ti jẹ gbèsè, kò sì ní fojú kan oorun àfi tó bá rí ìdáhùn.

Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ girama, Chase ló gbòde. Ìwé kan ṣoṣo lè wà fún kíláàsì kan, nítorí náà a máa ń fà á ya sí méjì kí ẹni méjì lè máa kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kan, ìlàjì ìgbẹ̀yìn ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo kà á tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo mọ ẹni tó kú, mo mọ ẹni tó pa á, mo mọ ibi tí owó wà. Síbẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi owó oúnjẹ mi bẹ ọ̀rẹ́ mi kó fún mi ní ìlàjì àkọ́kọ́. N kò rò ó nígbà náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ti bi ara mi: bó bá jẹ́ pé nítorí ìdáhùn nìkan ni a fi ń ka ìwé bẹ́ẹ̀, kí ni mò ń wá nínú ìlàjì kejì?

Ẹlòmíràn á ní ibi àjèjì tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ ló ń dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n Chase fúnra rẹ̀ kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. René Raymond ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí jáde ní 1939, máàpù àti ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ìgboro Amẹ́ríkà ló sì fi ń kọ̀wé nípa ìlú tí kò gbé rí. Ẹlòmíràn á ní ìparí ìtàn ni. Ẹ jẹ́ ká wo Frederick Forsyth, oníròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá ròyìn ogun Bìáfírà, tó sì jẹ́wọ́ ní ọdún 2015 pé òun ti bá iléeṣẹ́ amí ilẹ̀ òun ṣiṣẹ́. Ìwé rẹ̀, *The Day of the Jackal*, jáde ní 1971. Ìtàn apààyàn kan ni, tí wọ́n fowó bẹ̀ lọ́wẹ̀ kó pa Charles de Gaulle, olórí ilẹ̀ Faransé. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò yìnbọn pa de Gaulle, inú ilé rẹ̀ ló kú sí ní 1970. Òǹkàwé ti mọ ìparí kó tó ṣí ìwé. Síbẹ̀, àyà rẹ̀ ń já.

Bó bá jẹ́ pé kì í ṣe ìdáhùn, tí kì í sì í ṣe ibi àjèjì, kí ló kù? Ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ohun tó ń dùn mọ́ wa ni kí á gbọ́n ju ọ̀daràn lọ, kí á nàka sí i kí Lápàdé tó nàka. Nígbà tí mo bá ka ìwé dé ìdajì, mo máa ń kọ orúkọ ẹni tí mo fura sí sínú bébà, màá ká a pọ̀, màá sì fi í sí ẹ̀yìn ìwé. Tí mo bá gbà á, inú mi á dùn bíi ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Tí n kò bá gbà á, màá ya bébà náà dà nù.

Láti ọdún 2016 ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Badoo ti ń da Ìkòròdú láàmú. Òru ni wọ́n ń wọlé tọ àwọn ènìyàn lọ, bàbá, ìyá, àtọmọ, lójú oorun. Ọmọ ọlọ, èyí tí à ń fi lọ ata, ni wọ́n fi ń fọ́ wọn lórí. Ọ̀rọ̀ sì gbalẹ̀ pé áńkáṣíìfù funfun ni wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀ wọn lọ. Ẹni tí kò gbé Ìkòròdú nígbà náà kò lè mọ bí ó ti rí. Ìyá mi gbé ọlọ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilé, ó gbé e pamọ́ sábẹ́ àga. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kálukú á tilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò á jáde pẹ̀lú àdá àti igi, wọ́n á dáná sun táyà ní oríta, wọ́n á máa ṣọ́ ilẹ̀ mọ́.

Èmi náà wà lára wọn. Èmi ni mo kéré jù. Mo máa ń mú ìwé dání, màá fi iná tọ́ọ̀ṣì kà á kí oorun má baà gbé mi lọ. Ní òru tí mò ń sọ yìí, ìwé Lápàdé kan náà ló wà lọ́wọ́ mi, mò ń tún un kà.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ọkùnrin kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń yára lọ sí ìhà èbúté. Ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Àpò wà ní èjìká rẹ̀. A dá a dúró.

"Níbo lò ń lọ?"

Ó la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde.

"Kí lorúkọ ẹ? Ta lò ń wá ládùúgbò yìí?"

Ó tún la ẹnu. Iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn. "È... è... è..." Ẹnìkan já àpò rẹ̀ gbà, ó tú u dà sílẹ̀: ẹ̀wù kan, búrẹ́dì, àti áńkáṣíìfù funfun tí nǹkan pupa wà ní etí rẹ̀.

Gbogbo wa dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo sọ̀rọ̀. Mo rántí gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé mo kà á nínú ìwé. Mo ní, "Irọ́ tó máa pa ló ń wá. Ẹ wo bó ṣe ń làágùn."

Ẹni tó kọ́kọ́ gbá a létí kò tíì gbé ọwọ́ sókè kí n tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni igi. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ àdá nà án lẹ́yìn. Ọmọkùnrin náà ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹnìkan sì ké láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n yí táyà kan wá. Ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ló gbà á là. Ó ti jí láti gbé ìkòkò ẹ̀kọ rẹ̀ kaná, ó gbọ́ ariwo, ó gbé àtùpà jáde. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ní sùúrù. Kí ló ṣe?"

Àwa ní, "Mà, a bi í léèrè ibi tó ń lọ, kò lè dáhùn."

Ó ní, "Ẹ bi í léèrè lóòótọ́. Ẹ ò dúró gbọ́ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé àtùpà sún mọ́ ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, fara balẹ̀. A ò lọ síbì kankan. Sọ ọ́." Ó sì dúró. A dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ó pẹ́. Mo ti ka oríṣiríṣi ìwé, kò sí ojú ìwé kan tó pẹ́ lójú mi tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wóró kọ̀ọ̀kan. Akólòlò ni. Ó ń bá wọn gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ní èbúté, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló ń sáré lọ bá. Ó dárúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní òun mọ ọ̀gá náà. A gbé áńkáṣíìfù sí abẹ́ iná: epo pupa ni, ó fi nu ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ni ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2017, ìròyìn kàn pé àwọn èrò ní Ìkòròdú ti pa apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn tí wọ́n jọ wà, wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, n kò lè dìde. Ìyá Ẹlẹ́kọ kò sí ní òpópónà tiwọn.

Fún oṣù mélòó kan n kò lè ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan. Mo rò pé àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní ìfura. Nígbà tí mo tún ṣí ìwé Lápàdé, ni mo tó rí i pé èmi ni mo ka ìwé náà sódì. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe láti nàka. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá wa dúró. Ó á gbé òtítọ́ síwájú wa ní kùtùkùtù, á sì gbé nǹkan mìíràn tó ń dán jù ú lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwa á sáré bá èyí tó ń dán, á sì fà wá sẹ́yìn: ẹ dúró ná, ẹ gbọ́ ẹnu ẹni yìí, ẹ lọ sí ilé tọ̀hún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi owó oúnjẹ mi wá ìlàjì àkọ́kọ́: mo ti mọ ẹni tó ṣe é, n kò tíì mọ bí a ṣe mọ̀ pé òun ni. Ìdí nìyẹn náà tí ìwé Forsyth fi ń já wa láyà. Ìrìn láti orí ìfura dé orí ẹ̀rí ló ń mú wa lọ́kàn.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ fura sí nínú ìwé kì í sábà jẹ́ òun. Nínú ìwé, àṣìṣe yẹn kò pa ẹnikẹ́ni. Bébà kan ni màá ya dà nù. Ní oríta wa lóru ọjọ́ yẹn, ènìyàn ni bébà náà. Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka tí a rí lókùnkùn ni àwa fẹ́ gé.

Mo ṣì ń wọ ọkọ̀ ní èbúté. Ọmọkùnrin yẹn náà ṣì wà níbẹ̀. Òun ló pe obìnrin tó ń ka Chase lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ọ̀rọ̀ ti ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí mo bá fẹ́ wọkọ̀, ó máa ń na ọwọ́ sí mi, ó á ní, "Ẹ... ẹ rọra, sà." Mo máa ń di ọwọ́ náà mú. Òkùnkùn ṣú lọ́jọ́ náà, àwa sì pọ̀. Kò mọ ẹni tó sọ̀rọ̀.

Mo ti ń ṣètò bí màá ṣe sọ fún un láti ọdún yìí wá. Bí ìwé yìí bá jáde, màá mú un lọ sí èbúté, màá ṣí i sí ojú ewé yìí, màá sì dúró tì í títí yóò fi kà á tán.