Eérú Ni K
Ní SS1, ṣe la kàn ń kọ́ àmì àwọn èròjà sórí bí ẹni ń kọ́ orúkọ àlejò. Kí ló dé tí potassium fi ń jẹ́ K? Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Nítorí irú èyí, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan sá kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì.

Yunifásítì ni mo ti wá mọ̀ pé kalium ni K, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó jẹ mọ́ eérú ewéko. Eérú kẹ̀! Eérú èèpo kòkó tí ìyá àgbà máa ń sẹ́ omi rẹ̀, tí wọ́n á fi se àdín títí yóò fi di ọṣẹ dúdú, potassium pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àbúrò yín ní kẹ́mísírì, ẹ fi eérú bẹ̀rẹ̀.