Àárẹ̀ Iṣan: Ásíìdì, Fọ́sífeetì àti Ìgbóná Ara

Àárẹ̀ iṣan ni kí iṣan má lè fà bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń sáré 400 mítà mọ̀ ọ́n dáadáa: ní 100 mítà tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ á wúwo, orúnkún ò ní fẹ́ gbéra mọ́, bẹ́ẹ̀ ọkàn ṣì ń sáré níwájú.

Inú fọ́nrán iṣan ni ọ̀rọ̀ náà wà. Purotéènì méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, máyósìn àti áktìn. Tí kálísíọ́mù bá ti tú jáde nínú àpò rẹ̀, máyósìn á gbá áktìn mú, á fà á, á jù ú sílẹ̀, á tún gbá a mú. ATP, èròjà tó ń gbé agbára fún iṣan, ló ń ná sórí iṣẹ́ yìí. Bí iṣẹ́ bá wá le, ADP àti fọ́sífeetì, tí ATP ń pín sí tó bá ti ṣiṣẹ́, àti ásíìdì á kóra jọ sínú fọ́nrán. Ìwọ̀n pH, tó máa ń relẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀, tó sì máa ń wà ní nǹkan bí 7 nígbà ìsinmi, lè já wá sí 6.5 tàbí kó tún relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ásíìdì ni wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Ní 1907, àwọn onímọ̀ Fletcher àti Hopkins ní Cambridge fi hàn pé ásíìdì láktíìkì ń pọ̀ nínú iṣan ọ̀pọ̀lọ́ tó bá ṣiṣẹ́ títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ bó awọ fẹ́lẹ́ tó bo fọ́nrán iṣan ehoro kúrò, wọ́n so orí rẹ̀ kan mọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn agbára, wọ́n sì rì í sínú omi ásíìdì. Agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Ṣùgbọ́n omi tútù ni wọ́n lò, nǹkan bí 10 sí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, torí irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru. Iṣan ènìyàn kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ní 1995, Pate, Cooke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún ìdánwò náà ṣe ní 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìpalára ásíìdì sì dín kù gan-an. Ní 1997, Westerblad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden lo odidi fọ́nrán iṣan eku ní 32. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára náà ni ásíìdì mú lọ.

Fọ́sífeetì ni ojú wá yí sí. Ó yẹ kó kúrò lára máyósìn kí máyósìn tó lè di áktìn mú dáadáa. Tó bá ti pọ̀ jù, á padà síbẹ̀, ìdìmú náà á sì tú. Ooru ń dín èyí náà kù, àmọ́ fọ́sífeetì tún máa ń wọ inú àpò kálísíọ́mù, á dì pọ̀ mọ́ ọn, èyí tó ń tú jáde kò sì ní tó mọ́. Ásíìdì náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ pátápátá: tí òun àti fọ́sífeetì bá pàdé nígbà tí kálísíọ́mù kò tó, agbára á já wálẹ̀ kódà nínú ooru.

Ìgbóná fúnra rẹ̀ ń fún iṣan lágbára. Fọ́nrán kan náà tó bá wà ní 30 lè fà tó ìlọ́po méjì ohun tó fà ní 10. Ẹni tó bá fẹ́ sáré, kó kọ́kọ́ mú iṣan rẹ̀ gbóná. Tí iṣan bá sì ń ro ó ní ọjọ́ kejì, kó má bú ásíìdì láktíìkì, torí ìyẹn ti kúrò lára láàárín nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn eré.