Abẹ Mẹ́ta Létí Òkun

Inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti bàjẹ́ ni ọ̀gá mi ti yọ mọ́tò kékeré náà, ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Bàdágìrì. Wọ́n so wáyà rẹ̀ méjèèjì mọ́ mítà, wọ́n ní kí n fi ìka yí orí rẹ̀ kíákíá. Mo yí i, nọ́ńbà sì jáde lójú mítà.

"Bí o bá fún un níná, á yí. Bí o bá yí i, á fún ọ níná. Má gbàgbé."

Òòfà àti wáyà bàbà wíwé ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí wáyà bá ń yí níwájú òòfà, iná á máa rìn nínú rẹ̀. Ọdún 1831 ni Michael Faraday fi èyí hàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí rẹ̀ ni gbogbo jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ládùúgbò wa dúró lé.

Kí afẹ́fẹ́ lè máa yí mọ́tò náà dípò ìka mi, mo gé paálí mẹ́rin, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ orí rẹ̀ ní pẹlẹbẹ, mo gbé e síta. Afẹ́fẹ́ ń gbá mi láṣọ, fáànù mi kò mira. Ọ̀gá mi kò bá mi wí. Wọ́n nawọ́ sí ọkọ̀ onígbòkun kan lórí ọ̀sà. "Ṣé wọ́n kọ àyà aṣọ yẹn sí afẹ́fẹ́ gbọnrangandan ni?" Rárá, ó dagun díẹ̀. Abẹ tó bá kọjú sí afẹ́fẹ́ gbọnrangandan, ẹ̀yìn nìkan ni afẹ́fẹ́ lè tì í sí. Èyí tó bá dagun ló ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Páìpù omi oníke ni a wá lò. A là á ní òòró sí mẹ́rin, a mú mẹ́ta níbẹ̀. Ó ti tẹ̀ kọrọdọ fúnra rẹ̀. Ìdí abẹ fẹ̀, orí rẹ̀ tín-ín-rín. Ohun tó pẹ́ mi jù, tí mo sì fẹ́ràn jù, ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀n dọ́gba, torí bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ wúwo, gbogbo òpó á máa gbọ̀n. Ọ̀gá mi ní kí n gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, kí n yí i wẹ́rẹ́, kí n wo abẹ tó ń pa dà sísàlẹ̀ ṣáá. Òun ló wúwo. N óò fi sáńpépà ha á, n óò tún yí i. Ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tó fẹ́ sú mi, wọ́n sọ fún mi nípa William Kamkwamba, ọmọ Màláwì tí ìyàn lé kúrò nílé ẹ̀kọ́, tó fi fáànù tírákítọ̀ àti dáínámò kẹ̀kẹ́ tanná sílé bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀, gílóòbù pupa kékeré tí a so mọ́ ọn, tó ń fẹ́ nǹkan bíi fólìtì 2, kò tàn. A gbé e lọ sétí òkun lọ́sàn-án. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po 2, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po 8. A ri òpó mọ́ iyanrìn, ìrù páànù tí a so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ darí fáànù síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, iná pupa tàn. Mo kígbe.

A so bátìrì làńtà fólìtì 4 mọ́ ọn. Nírọ̀lẹ́, atẹ́gùn rọlẹ̀, imọ̀ àgbọn kò mì mọ́, ṣùgbọ́n fáànù mi ń yí lọ. Mo ń yọ̀. Ọ̀gá mi ń wò mí, wọn kò sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́: bátìrì ló ń fún mọ́tò níná. Iná tí a fi gbogbo ọ̀sán kó jọ ni fáànù ń jẹ.

Mo já wáyà náà. Lọ́jọ́ kejì, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó diode kan sáàárín mọ́tò àti bátìrì, èyí tí kì í jẹ́ kí iná tó ti wọlé pa dà jáde. Atẹ́gùn tún rọlẹ̀ nírọ̀lẹ́. Fáànù náà dúró.